Ẹ̀dá Tí Wọ́n Ní Kí A Má Fún Lóúnjẹ

Ọ̀rọ̀ yìí lè kéré lójú ẹni tí kò sin ẹja rí, ṣùgbọ́n n kò ní gbé e mì. Àwọn kan wà tí ń ta ẹ̀dá inú òkun fún wa ní Àbújá, tí wọ́n mọ̀ pé ebi ni yóò pa á, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rín tà á.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa kúrò nílé tán, ìyàwó mi ra táǹkì omi oníyọ̀ kan sí pálọ̀ wa ní Orozo, ó sì kó ẹja wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù wọn fi ba iyanrìn funfun ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́. A padà sí Wuse, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ta ẹja náà, pé kí ó bá wa yan ẹ̀dá tí yóò máa tún iyanrìn ṣe.

Ó kọ́kọ́ fi ọ̀kan tó rí bí kùkúńbà hàn wá, ṣùgbọ́n ó ní bí ó bá kú sínú omi, oró rẹ̀ lè pa ẹja. Ó fi ìgbín òkun hàn wá, tí kò tóbi ju èékánná lọ. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ sí èyí tó ní apá márùn-ún bí ìràwọ̀, tí ń rọra wọ inú iyanrìn lọ bí ẹni tó ń fa aṣọ borí. Èyí ni ọkàn ìyàwó mi fà sí.

"Kí ló ń jẹ?" ni ó bèèrè.

"Mọ́mì, ẹ má fún un ní nǹkan kan o. Ìdọ̀tí yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Tí ẹ bá ti bọ́ ọ yó, á ya ọ̀lẹ. Ṣebí ẹ̀yin náà ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ rí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ilé ìbátan bàbá rẹ̀ kan ni ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní kékeré. Àjẹkù àwọn ọmọ ilé ni wọ́n ń fún un. Bí ó bá sì ní ebi ń pa òun, wọn á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Síbẹ̀, ọkùnrin náà ló mọ ọjà rẹ̀, a gbà á gbọ́, a sì ra ẹ̀dá náà lọ sílé.

Iyanrìn wa funfun gbòò. Nígbà tó yá, ẹ̀dá náà kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Orí iyanrìn ló ń sùn, ṣóńṣó apá rẹ̀ kan sì ń jẹrà lọ.

Mo wá jókòó kàwé nípa rẹ̀. Kì í jẹ ìdọ̀tí; bí ó ṣe ń ro iyanrìn nígbà tó bá ń wọ inú rẹ̀ ló ń mú un funfun. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń gbé inú iyanrìn ló ń jẹ, nínú táǹkì kékeré bíi tiwa yóò sì jẹ wọ́n tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ebi ló kù. Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù.

"Dádì, ẹ má da ara yín láàmú. Kì í pẹ́ láyé náà ni. Ẹ wá mú òmíràn."

"O mọ̀ pé kì í pẹ́?"

"Gbogbo àwa tí à ń tà á la mọ̀, sà. Iyanrìn yín ṣáà mọ́, àbí kò mọ́?"

Ìyàwó mi, tó ń gbọ́ wa, ti wọ ilé ìdáná. Ó gé edé sí wẹ́wẹ́, ó ki ọwọ́ bọ omi táǹkì, ó sì tì í sábẹ́ ẹ̀dá náà.

"Jẹun," ó wí. "Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní ọ̀lẹ níbí."

Ó pẹ́ kí ó tó mira. Lẹ́yìn náà ni ó rọra ká apá tó kù bo edé náà, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ òun.

Ó wà láàyè títí di òní. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ bèèrè ohun tó ń jẹ, kí ó má sì gba "ìdọ̀tí" ní ìdáhùn. Àwa fúnra wa là ń ro iyanrìn wa báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ìjọ wa kan wo inú táǹkì, ó ní kí ni iṣẹ́ tí eléyìí ń ṣe.

"Kò ṣiṣẹ́," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé."