Fèrè Méjì Láti Yàrá Wolé-wolé

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, ilẹ̀kùn ìta ni mo sáré lọ tì. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé, mo ní afẹ́fẹ́ ni. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan. Ewé igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà wa kò tilẹ̀ mira.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà ogun abẹ́lé ni. Ilé wa wà nítòsí Ọjà Àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà, Odò Ọya kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa, iṣẹ́ fẹ́rì ni mo sì ń ṣe. Èmi ni mo ń so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté, èmi náà ni mo ń tú u, tí mo sì ń pariwo mọ́ àwọn tí ewúrẹ́ wọn fẹ́ ti èrò sómi. À ń gbé èèyàn lọ sí Ṣintaku lódìkejì, à ń gbé wọn bọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àmọ́ etí mi kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí omi, fèrè ọkọ̀ ni èdè rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá èbúté ṣófo, á fọn fèrè gígùn kan, tó nípọn bí ohùn àgbàlagbà. Bí àyè bá wà, ọkọ̀ tó wà ní èbúté á fi kúkúrú méjì dá a lóhùn: pàá, pa. Ó tán. Ẹ máa bọ̀.

Nígbà tí ogun dé, wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má fọn fèrè mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ lọ, kí ohùn rẹ̀ má baà júwe èbúté fún ọ̀tá. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun iná ọkọ̀. Wọ́n fi sójà sí èbúté, sájẹ́ńtì wọn sì máa ń sọ fún wa láràárọ̀ pé ẹni tó bá rí nǹkan tí kò sọ, ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé òun àti ẹni tó ṣe é. Apẹja kan ládùúgbò wa tan tọ́ọ̀ṣì sórí omi láti wá àwọ̀n rẹ̀. Wọ́n mú un lọ. Nígbà tó padà dé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Nínú irú àsìkò yẹn ni mo jókòó sẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí mo ń fọ ẹsẹ̀, tí ohùn nípọnnípọn kan béèrè nǹkan láti inú yàrá ayálégbé wa, tí ohùn mìíràn sì dá a lóhùn: pàá, pa.

Wolé-wolé ni ayálégbé náà. Ọmọ Yàgbà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì láya, tó máa ń lọ ṣòkòtò kúkúrú rẹ̀ títí ojú irin rẹ̀ á fi lè gé iṣu. Iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ni kó máa yọjú sínú ìkòkò omi àwọn èèyàn, bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá lè yọjú sínú ìkòkò omi onílé, kò sí ibi tí kò lè yọjú sí. Kì í pariwo, kì í jà, kì í mutí. Ìyẹn gan-an ló ń fu mí lára. Ìwà rere tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ló ń bò mọ́lẹ̀.

“Gíráàmù ni,” ni ìyàwó mi wí.

“Gíráàmù wo ni kò lẹ́nu?”

Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tèmi, tí mo mọ̀, ẹnì kan á máa kọrin, á ki olówó kan, á sì bá a bú àwọn ọ̀tá rẹ̀. O mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, o mọ ẹni tó ń bá wí. Nínú èyí, ẹnikẹ́ni ò ki ẹnikẹ́ni. Wọn ò sìnkú, wọn ò gbéyàwó. Ìbéèrè, ìdáhùn, ìbéèrè, ìdáhùn. Tó bá yá, fèrè idẹ kan á jáde, á fọn díẹ̀, á dákẹ́. Á tún fọn díẹ̀, á tún dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó ń dánu dúró báyẹn, ṣe ló ń dúró kí ẹnì kan lódìkejì kọ èyí tó sọ sílẹ̀ tán. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ sì rèé, mo ń gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀: ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Òwórò, a kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Àwọn wo ni wọ̀nyí, tí wọn ò ní ìyá tó kọ́ wọn?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á ṣí fèrèsé tó kọjú sódò, á gbé gíráàmù oníbátìrì rẹ̀ sórí àpótí, á sì jókòó ti fèrèsé. Á di ojú. Á fi ìka lu orúnkún. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á la ojú, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á tún di ojú. Èmi á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pàá-pa yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tán ni iná kékeré kan yọ lójú omi, lápá Ṣintaku, ó sì kú. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ilé ìdáná kí orí mi tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí.

“Ọ̀la ni màá lọ bá sájẹ́ńtì,” mo sọ fún ìyàwó mi.

“Baálé mi, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?”

“Pé ayálégbé wa ń fi gíráàmù pe ọkọ̀.”

“Ṣé ẹ ti bi ayálégbé náà léèrè?”

“Amí wo lo rí tó jẹ́wọ́ rí?”

Ó gbé ọmọrogùn sílẹ̀. “Ọmọ ọlọ́mọ ni o. Tí wọ́n bá gbé e bí wọ́n ṣe gbé apẹja yẹn, tó wá jẹ́ pé orin lásán ni, ojú wo la máa fi wo ìyá rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ níyọ̀, ẹnu ló ń fi tọ́ ọ wò, kì í lọ pe sójà. Àbí gíráàmù á gé yín jẹ ni?”

Mo ní kò lè gé mi jẹ. N kò fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo dé fìlà, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Òkun o, ẹ̀gbọ́n,” ló fi kí mi.

“Òkun. Mo ní kí o wá bá mi wo ìkòkò omi wa.”

“Mo wò ó láàárọ̀ òní, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbé ọmọrí rẹ̀ fún mi.”

Mo ní ó dáa, orin yẹn náà wá ńkọ́. Ó ní kí n wọlé, mo ní mo wà níbí náà. Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú yàrá, ìkejì wà níta. Ti ìta ni mo fẹ́ fi sá. Ó gbé àpótí ìjókòó wá, ó já bísíkíìtì sínú àwo, ojú sì tì mí, mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Nígbà tó fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ gíráàmù lé rẹ́kọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi ìyẹn sínú. Ọwọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í gbọ̀n.

Ó fi páálí rẹ́kọ́ọ̀dù náà hàn mí. Ọkùnrin dúdú kan wà lára rẹ̀ tó tẹrí ba sórí fèrè idẹ.

“Kí ló dé tí kò wo ẹni tó ń ya fọ́tò rẹ̀?”

“Bóyá ó ń ronú, ẹ̀gbọ́n. Ará Amẹ́ríkà ni. Jáàsì ni wọ́n ń pe orin náà.”

“Kí ló ń rò?”

Kò mọ̀. Ó wá ń ṣàlàyé fún mi pé orin tí a mọ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń rìn láàárín ọjà: igun yìí, igun yẹn, ọ̀nà ò yéé yà. Ó ní ti àwọn wọ̀nyí kì í yà kiri. Wọ́n á mú ilẹ̀ gbọọrọ kan, wọ́n á ní kí kálukú máa rìn lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tó ń lé e.

“Ta ló ni ilẹ̀ náà?”

“Kò sẹ́ni tó ni ín, ẹ̀gbọ́n.”

“Ilẹ̀ tí kò lólúwa, ìjà ní í bí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó fi hàn mí pé ẹni tí mo pè ní agbálẹ̀, ìlù ló ń fi ìgbálẹ̀ wáyà nù. Ohùn nípọnnípọn tó ń béèrè nǹkan, gìtá kan ni tó ga ju èèyàn lọ. Mo ń jẹ bísíkíìtì, mo ń gbọ́, mo sì ń wo fèrèsé. Bàtà sójà la gbọ́ níta. Sájẹ́ńtì wọlé láìkan ilẹ̀kùn, sójà kan tẹ̀ lé e. Télọ̀ tó wà lódìkejì òpópónà ti gbọ́ pàá-pa, ó ti lọ pè wọ́n, òun kò sì ní ìyàwó tó lè dá a lẹ́kun.

Sájẹ́ńtì wo gíráàmù, ó wo fèrèsé tó ṣí sódò, ó wá wo èmi, láìwọ bàtà, pẹ̀lú bísíkíìtì lẹ́nu.

“Kai, Bàbá Fẹ́rì. Ìwọ náà?”

Ṣé ẹ rí ibi tí mo bọ́ sí? Tí wolé-wolé bá jẹ́ amí, amí méjì ló wà nínú yàrá náà, ọ̀kan sì ti ń jẹun níbẹ̀.

“Ìwọ ló mọ fèrè ọkọ̀,” ni sájẹ́ńtì wí. “Wetin be dis? Ṣé fèrè ni àbí kì í ṣe fèrè? Tí o bá purọ́, ọkọ̀ wa wà níta.”

Wolé-wolé dì mọ́ páálí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Èmi ló ń wò.

Mo ní kí wọ́n tún gbé e sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò fetí sí nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo gbọ́ ìbéèrè, mo gbọ́ pàá-pa, mo gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnu mi sì là kí n tó rán an níṣẹ́.

“Sájẹ́ńtì, bí ọkọ̀ bá béèrè, tí èbúté dá a lóhùn, ṣe lọkọ̀ ń bọ̀. Kì í tún béèrè mọ́. Èyí ti gba èsì, ó tún béèrè. Wọ́n tún dá a lóhùn, ó tún béèrè. Ọ̀gá ọkọ̀ tó bá ń ṣe báyẹn, orí yanrìn ni yóò gbé wa gùn. Àwọn wọ̀nyí ò lọ síbì kankan. Ìbéèrè náà ló dùn mọ́ wọn lẹ́nu.”

Ìbẹ̀rù ló sọ mí di ẹlẹ́rìí. Orí ara mi ni mo ń gbà sílẹ̀, ti ọmọ ọlọ́mọ kàn bá a wọlé ni. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde tán ni mo rí i pé òótọ́ ni.

Sájẹ́ńtì dúró gbọ́ ọ. Bàtà sójà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bá orin náà mì jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó dá a dúró.

“Ìgbà wo ni ẹni tó máa kọrin máa dé?”

“Kò ní í dé, sà,” ni wolé-wolé wí.

“Kí wá ni wọ́n ń fi pamọ́?”

Ohun tí èmi náà ti ń bi ara mi látọjọ́ yìí nìyẹn. Sájẹ́ńtì ní ká ti fèrèsé, ká dín ohùn rẹ̀ kù. Ó kó bísíkíìtì tó ṣẹ́kù, wọ́n sì lọ.

Wolé-wolé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ̀yin lẹ pè wọ́n ni.”

“Èmi kẹ̀?”

“Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rí ẹsẹ̀ yín lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ wọlé, mo ní ṣe lẹ wá dá mi dúró dè wọ́n.”

Ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n nìyẹn. Mo bi í ní ti aago, ó ní bátìrì lòun ń ṣọ́, kó má tán láàárín orin. N kò bi í ní ti iná orí omi. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ara mi.

“Ohun tí ẹ sọ fún un yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn yín?”

Mo ní kó yí ojú kejì rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Inú ooru la ti gbọ́ ọ, fèrèsé wà ní títì, òógùn ń ṣàn lára wa. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé gìtá ńlá yẹn dà bí omi tó wà lábẹ́ ọkọ̀, kì í yí padà, àmọ́ kò sí ìrékọjá méjì tó jọra lórí rẹ̀. Fèrè idẹ dà bí èrò kan tó dá dúró sí etí ọkọ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ogun parí, wọ́n gbé iṣẹ́ wolé-wolé lọ sí Ìlọrin. Ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù àti gíráàmù náà sílẹ̀ fún mi, kò sọ ìdí. Ìyẹn náà fu mí lára.

Lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Kábà àti Ìsánlú kún Lọ́kọ́jà, ọ̀kan nínú wọn sì gba yàrá wolé-wolé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù mi, mo kọjú sódò. N kì í lè kẹ̀yìn sódò tí pàá-pa yẹn bá ń dún, títí di òní. Mo gbọ́ ikọ́ ayálégbé tuntun náà lẹ́nu ọ̀nà.

“Òkun o, Bàbá. Ta ló ń fọn nǹkan yìí?”

Mo ní kó wọlé. Ó wo fèrèsé mi, ó wo páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ní òun wà níbẹ̀ náà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú yàrá, ìkejì wà níta. Mo fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì lọ wá bísíkíìtì.