Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀kọ́ Kẹfà

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ náà pè é mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀kọ́ Kẹfà ni tọmọdé tàgbà ń pe ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní oríta yìí. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni òǹkọ̀wé kan gbé rédíò tó yadi wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó gbọ́ ohùn rẹ̀, tó sì ní ohùn tóun ń wá kiri rèé. Ìwé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ, ó sì fẹ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì tí yóò bá ìwé náà rìn, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ nǹkan, bí wọ́n ṣe ń fi í dúpẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi í bẹ̀bẹ̀. Ó ní gírámà nìkan ò tó, torí èèyàn lè mọ gírámà dójú àmì kó sì fi bú ẹni tó fẹ́ kí.

Ẹ̀bẹ̀ ni Ẹ̀kọ́ Kẹfà. Ọkùnrin kan pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó bẹ ọ̀gá. Ó tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ obìnrin náà. Ó da omi sórí ìwé onílé, ó bẹ onílé. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni ọkùnrin wa bẹ̀bẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, bíi pé òun ló ba ayé jẹ́. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí àyè tún un sọ.

Ìdákẹ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò sì jáde mọ́. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan,” á sì dákẹ́. Oníbúrẹ́dì, tó fi ìwé yẹn jáde ilé ìwé, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan.” Wọ́n á wá máa wo ara wọn, búrẹ́dì á sì jókòó síbi tó wà.

Èyí tó wá le jù ni pé tísà Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàwó rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló sì fi ń kọ́ni ní gbogbo sáà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé nǹkan mẹ́rin ló ń mú kí ẹ̀bẹ̀ pé: kéèyàn ní kí wọ́n má bínú, kó sọ ohun tó fà á, kó gbà pé òun jẹ̀bi, kó sọ bí òun yóò ṣe tún un ṣe. Á fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, àwọn ọmọ á gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọkọ rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní máàkì.

Ní sáà tó kọjá, ẹ̀rọ ilé ìwé lọ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́nú ní Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ ìpè, ìyẹn bí a ṣe ń sọ pé a ò ní lè wá, láì bí ẹni tó pe ni nínú. Tísà gbé wàhálà náà bọ̀ wálé.

“Fọkàn balẹ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Mo mọ̀ ọ́n lórí. Kó o tó ti ọjà dé, màá ti gba òmíràn sílẹ̀.”

Kò rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Ó wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí ọ̀kan tí kò ní àkọlé. Ó fi téèpù dí ihò kéékèèké orí rẹ̀, bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti máa ń ṣe kí kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbohùn lè gba òmíràn, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìpè pẹ̀lú ohùn tó ń dán.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ náà lọ geere. Tísà ti na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ nígbà tí ohùn ìyá arúgbó kan jáde: “...kó o sì máa jẹun, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ pa ẹ́. Bá mi kí ọkọ ẹ. Ó dàbọ̀ o.” Ìyá tísà ni. Ó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́ta. Kásẹ́ẹ̀tì tó sọ̀rọ̀ sí, tó fi ránṣẹ́ sọ́mọ rẹ̀, dé lọ́sẹ̀ tó kú gan-an, ọmọ rẹ̀ kò sì tíì láyà láti gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni màmá yẹn ń bá sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni,” ni Tísà wí.

Gbogbo kíláàsì, ọmọ méjìdínlógójì, bá kọ ọ́ sínú ìwé: Èmi ni.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Tísà ò pariwo. Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá àlejò. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Má bínú, ìyàwó mi,” ó wí, ó sì dákẹ́.

“Ohùn dáa. Kí ló fà á?”

“Mi ò rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo.” Ó tún dákẹ́.

“Àwáwí nìyẹn. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá, Ọ̀gbẹ́ni.”

Ọkọ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá bá òun bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti ka ìwé yẹn rí, òun náà sì ń dákẹ́ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ló gbà, torí ó hàn pé ó jí iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ wò. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Tísà kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwé kan tó tó ìrìn ọjọ́ kan síbi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó fi lẹ́tà náà han ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló máa fi í lé ọ̀gá ilé ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, bí Tísà ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó sì tú u jáde láì mí: “Mo mọ̀ pé ohùn màmá ni, mi ò ṣì í mú, mo tẹ ẹ̀rọ mo gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá ní Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án ò gùn, á ṣẹ́ kù lẹ́yìn, àti pé o ò kúkú ń gbọ́ ọ, o ò ní mọ̀, mo kàn fẹ́ kó o dé kó o bá iṣẹ́ nílẹ̀ kó o ní mo ṣeun ni, kò sí bí mo ṣe lè tún un ṣe, kò sí.”

Tísà dúró de ìdákẹ́ tí yóò ti fi máàkì sí i. Kò rí i.

“Ẹ gbọ́ ọ,” ó wí. “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Bàtà ni. Látìbẹ̀rẹ̀, bàtà ṣáá ni. Wọ́n ní ajá onílé gbé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn lọ, àwọn sì bi í, kò dáhùn. Wọ́n ní tó o bá ń bọ̀, kó o ra òmíràn wá, àmọ́ kó o má ra méjèèjì, nítorí ti òsì ṣì lágbára.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tísà kó tó mọ̀, omi sì ń já bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti báàgì tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Ẹ tún un sọ,” ó wí.

Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó sì tún un sọ.