Ọwọ́ Ẹlòmíràn Nínú Wáìnì

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí Màmá Odile gbé wáìnì mì lẹ́nu iṣẹ́. Àwa tí à ń tọ́ wáìnì wò kì í gbé e mì. A ó gbóòórùn rẹ̀, a ó fi yí ẹnu ká, a ó sì tu ú sí korobá, torí ẹni tó bá ń gbé e mì kò ní mọ ohun tó ń tọ́ wò mọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Garland, ní Texas, bi mí nígbà kan pé, "Bọ́sẹ̀, ọtí tí ẹ̀yin fúnra yín kì í mu, kí lẹ wá ń rà á fún?" Mo ní, "Àwọn ẹlòmíràn ni yóò mu ún, mà." Ó wò mí títí, ó ní òun á máa rántí mi nínú àdúrà.

Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì ní Denton. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń wá tí mo fi dé ilé iṣẹ́ kan ní Farmers Branch, níbi tí wọ́n ti ń kó wáìnì wọlé láti ilẹ̀ Faransé. Màmá Odile ni ọ̀gá ibẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, ará Chablis níhà àríwá Burgundy. Ó gbé gíláàsì kan fún mi, ó ní kí n sọ ohun tí imú mi gbọ́. Mo ní, "Ògì tó ti kan." Kò mọ ògì. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé àgbàdo tí a rẹ sómi títí ó fi kan ni, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Inú ilé ìkẹ́rùsí ni yàrá tí a ti ń tọ́ ọtí wà. Kò sí fèrèsé, òtútù ibẹ̀ kì í lọ, kódà nígbà tí ooru Texas bá ń yọ́ ọ̀dà títì níta. Iná ibẹ̀, bíi ti gbogbo ilé ìkẹ́rùsí náà, kì í tàn àfi bí ènìyàn bá mira. Bí o bá jókòó jẹ́ẹ́ pẹ́, yóò kú mọ́ ọ lórí.

Ohun tí Màmá Odile kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé, "Ọdún tó dára, oòrùn ló ń ṣe wáìnì. Ọdún tó burú, ènìyàn ló ń ṣe é." N kò lóye rẹ̀ títí ọdún burúkú kan fi dé. Ooru tètè mú nílẹ̀ Faransé lọ́dún náà, àjàrà sì tètè rúwé. Lẹ́yìn náà ni ìrì dídì bọ́ lé ewé tuntun náà, ó jó wọn bí ẹni pé iná ni. Èyí tó kù, òjò kò jẹ́ kó sinmi, ewé ń bu, èso ń rà lórí igi.

Nígbà tí àpẹẹrẹ ọtí ọdún náà dé, Alàgbà Táíwò, tó ń mójú tó ilé ìkẹ́rùsí, fi bébà wé àwọn ìgò kí a má baà mọ ẹni tó ni wọ́n. Agbègbè la fi ń tọ́ wọn wò. Ti Loire kan bí àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n. Èyí tó pọ̀ nínú ti Bordeaux ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń run ewé tútù, àfi ti àwọn tí ọgbà wọn wà létí odò ńlá, níbi tí èémí omi ti lé ìrì dídì sẹ́yìn. Ti ìsàlẹ̀ Rhône ní gúúsù ki dáadáa, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. A wá kan Chablis.

Màmá Odile gbé gíláàsì kan símú. Kò mira mọ́. Èmi náà kò mira. Iná kú.

Nínú òkùnkùn ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ọgbà Rémi ni èyí ti wá." Rémi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. "Ṣùgbọ́n Rémi kọ́ ló ṣe é."

Mo na ọwọ́ sókè, iná tàn. Ó ti gbé ọtí náà mì.

Èmi náà tọ́ ọ wò. Wáìnì Rémi máa ń dà bí òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òkúta náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ká èso náà kó tó gbó, bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n sì fi òórùn àgbá onígi bò ó.

Mo ní, "Ó lè jẹ́ pé ìrì dídì ló mú wọn yí ọ̀nà padà, Màmá."

"Rémi kì í fi igi bo ohun tí ojú ọjọ́ ṣe. Bí ọdún bá burú, ó máa ń jẹ́ kó burú ní gbangba."

Bó ti ń sọ̀rọ̀, a rí i láti ẹnu ọ̀nà pé iná tàn lápá ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí lọ́hùn-ún, láàárín ẹrù ilẹ̀ Faransé. A dúró kí ẹni náà jáde. Kò sẹ́ni tó jáde. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni Alàgbà Táíwò gbà wọlé.

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, sà?"

"Rárá, Sister Bọ́sẹ̀, ìta ni mo wà. Eku ni." Ṣùgbọ́n kò lọ wò ó, a kò sì rí eku níbẹ̀ rí.

Mo bi Màmá Odile pé ìgbà wo ló gbọ́ ohùn Rémi gbẹ̀yìn. Ó ní Luc, ọmọ Rémi, ló ń gbé fóònù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí òun bá pè, Luc á ní bàbá wà lóko, tàbí bàbá ń sùn.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí bàbá mi kú ní Ọ̀yọ́, èmi ń ṣèdánwò ní Denton. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á ní bàbá ń sùn. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè ní òun nìkan. N kò mọ̀ pé àwọn Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Màmá Odile ń wò mí. "Bọ́sẹ̀, kí lo mọ̀?"

Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ náà sọ, mo lè ba ọkàn obìnrin náà jẹ́ lórí asán, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un láyà ni. Mo ní, "N kò mọ nǹkan kan, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ pe Luc. Ẹ má bi í bóyá bàbá wà nílé. Ẹ bi í pé níbo ni wọ́n sin ín sí."

Ó pè é lójú mi. Èmi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbéèrè náà, mo gbọ́ ẹkún ọkùnrin nínú fóònù.

Màmá Odile ló sọ ọ̀rọ̀ Luc fún mi lẹ́yìn náà: Rémi ló dúró láàárín àjàrà, tó ń dáná kí ìrì dídì má baà mú wọn. Òtútù àti èéfín kọ lu àyà rẹ̀, ó sì kú kí èso tó pọ́n. Luc nìkan ló ká a, nínú ìbẹ̀rù òjò. Nítorí iṣẹ́ abẹ Màmá Odile ni kò ṣe lè túfọ̀ fún un.

Mo rò pé Màmá Odile á lọ sílé. Ó nu ojú, ó ní, "Jẹ́ ká parí tábìlì yìí." A parí rẹ̀. Nígbà tó kan ti Luc, ó ní a kò ní rà á lọ́dún náà. Ó pe ọmọ náà padà, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, tìfẹ́tìfẹ́, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Kí ọdún náà tó parí, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí Chablis lọ bá Luc. Èmi ni wọ́n fi sípò rẹ̀.

Òjò tún ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí ìgò Luc dé, mo mọ̀ ọ́n kí a tó já bébà rẹ̀. Kò sí igi nínú rẹ̀. Ó kan, ó tinrín, ó sì dúró ṣinṣin. Màmá Odile pè mí lọ́jọ́ kejì.

"Ọwọ́ ta lo rí nínú rẹ̀?"

"Ti Luc, Màmá. Àti tiyín."

Ó ní, "Tún un tọ́ wò."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo fi ọwọ́ bo gíláàsì náà títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì tún un tọ́ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé fóònù náà padà.

Mo ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta ni, Màmá."

"Ó dáa," ló wí. "Rà á."