Ọ̀dà Lójú Táíwò

Títí di òní, bí òórùn ọ̀dà tútù bá fẹ́ lù mí nímú, èébì ló máa ń gbé mi. O lè máa rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ ère la jọ kọ́ ní yunifásítì, ó sì yẹ kí òórùn ọ̀dà ti di òórùn ilé nímú wa. Èyí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti yàrá iṣẹ́ wa rárá. Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìdèrè ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n pín wa káàkiri Ìbàràpá pé ká lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

Èrúwà ni wọ́n gbé ìwọ lọ, o rí ṣe. Èmi, ọ̀kadà ni mo máa ń gùn láti Ìgbó-Ọrà, eruku á bò mí, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi á sì máa tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì. Òórùn yẹn ò rí mi lára rí, òórùn oúnjẹ ni. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀. O rántí pé olùkọ́ wa máa ń sọ pé ohun tí ìlú bá dà nù ni kí oníṣẹ́ ọnà kọ́kọ́ wò? Ohun tí mo sọ fáwọn ọmọ náà nìyẹn. Wọ́n kó èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ wá, wọ́n kó àkísà àpò, wọ́n lọ wa amọ̀ létí odò. Ọmọbìnrin kan mọ ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan, ó sì la ẹnu ewúrẹ́ náà bíi pé òun ló ń júwe ọ̀nà fún wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá wọn wọlé, ó wò ó. Ọkùnrin gíga ni, fìlà funfun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, lọ́fínńdà rẹ̀ á ti dé kóun tó dé. Alàájì ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá tí tirẹ̀ bá wù wọ́n ni wọ́n máa gbé ga.

"Pàǹtí wo nìyí, tíṣà?" ló wí. "Ṣé ẹ̀yìnkùlé ìyá yín lẹ rò pé àlejò ń bọ̀ ni?"

Ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí ààtàn lẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Wọ́n kó o lóòótọ́. Ọmọ tó mọ ọ̀kadà sunkún, mo bá a gbé ewúrẹ́ rẹ̀ tó ti kán lẹ́sẹ̀, mo sì ń bú ọkùnrin yẹn nínú ọkàn mi.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí sí ọ́fíìsì. Ó tú láílọ́ọ̀nù dúdú kan, ó gbé ère kékeré kan síta, ère ìbejì. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, imú ò sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ ìyá ló ń ṣe é. Obìnrin tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá kú á ní kí wọ́n gbẹ́ ère dípò rẹ̀. Bó bá ti ń fọ ojú èyí tó wà láàyè, á máa fọ tère pẹ̀lú, títí ojú igi náà á fi pa rẹ́.

"Níbo lẹ ti rí eléyìí, sà?"

"Yàrá ìyá mi. Ẹ̀ṣẹ̀ lásán ni wọ́n gbé pamọ́ síbẹ̀ yẹn, Mùsùlùmí ni wá."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń ṣí agolo ọ̀dà. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún kó lè dà bíi tuntun. Ó ti kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan sí páálí sílẹ̀, bíi pé ọmọ náà ló gbẹ́ ẹ. Mo bi í bóyá màmá mọ̀.

"Ìyá mi ò ríran mọ́. Tíṣà, máàkì yín wà lọ́wọ́ mi o."

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà ń ṣàn lójú igi tí kò nímú yẹn, ó ń kán sí i lẹ́nu. Ẹ̀gbin! Mo jáde, mo lọ tutọ́ lẹ́yìn kíláàsì títí ẹnu mi fi gbẹ. Àṣé àwọn tó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì ń rọ́wọ́ mú.

Ọjọ́ náà pé, àwọn àlejò dé, wọ́n yí ère náà ká. "Ọmọ kékeré ló ṣe èyí? Máṣàálàhù!" Alàájì ń fẹyín síta ṣáá. Ó ti ní kí wọ́n lọ mú ìyá rẹ̀ wá, kí àwọn àlejò lè rí i pé ọmọ gidi lòun. Obìnrin kan mú ìyá náà lọ́wọ́ dé ìdí tábìlì.

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án," ni màmá wí. "Ọwọ́ lojú mi báyìí."

Kò sẹ́ni tó lè ní kí ìyá ọ̀gá má fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ tán, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà, ó dúró síbẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ eléyìí?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, Màmá," Alàájì dáhùn kíá.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi. Tíṣà wọn dà?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Alàájì ń wò mí láti òkè orí ìyá rẹ̀, ojú yẹn ò ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbẹ́ igi, tí mo ń po sìmẹ́ǹtì, ti di ohun tí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi lè bà jẹ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe ọmọ iléèwé kankan ló gbẹ́ ẹ. Yàrá yín ló ti wá."

"Ère ni, Màmá!" Alàájì pariwo. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni!"

"Ṣé o rí i kí n bọ ọ́ rí? Ìrun wo ni mo pa jẹ? Ọmọ mi ni mo fi ń rántí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí lo wá gbé e síwájú ìjọba fún?" Ó fi gèlè rẹ̀ nu ojú ère náà, ọ̀dà sì ba gèlè jẹ́. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Àbúrò rẹ lo kùn lọ́dà yìí, Kẹ́hìndé."

Alàájì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Kẹ́hìndé! Ìkejì ara rẹ̀ ló kó sínú láílọ́ọ̀nù, tó lẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ mọ́.

Ó fi máàkì mi gbọlẹ̀, òun ló fà á tí mi ò fi bá yín wọ gáùnù ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àwọn aláyẹ̀wò mu mínírà wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, wọ́n sì gbé e ga. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé e ga! Ó ṣì ń rí mi lára bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Kí n tó kúrò ní Ìdèrè, mo lọ kí màmá nílé. Ó ní èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ère, kí n bá òun ha ọ̀dà náà kúrò. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọ̀dà ti mu wọnú igi, bí mo bá ha á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti fọ̀ láti ọjọ́ yìí wá á bá a lọ. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bá òun bomi sínú abọ́, ó fọwọ́ wá kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó gbé ère náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Màmá, kò ní kúrò o."

"Mo mọ̀," ló wí, kò sì dáwọ́ dúró. "Ṣebí bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí kó tó lọ́dà lójú."

Èmi náà ti di tíṣà báyìí. Àwọn ọmọ á mọ amọ̀ wọn, á wọ́, á ṣe gbágungbàgun, wọ́n á ní, "Àǹtí, ṣé ká kùn ún kó lè dán?" Mo máa ń ní rárá. Wọ́n rò pé mo láhun ọ̀dà ni. Mo máa ń gba amọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, màá fi àtàǹpàkò wá ibi tí àtàǹpàkò tiwọn gbà kọjá, màá sì dá a padà fún wọn bó ṣe wà.