Okùn Tí Mo Jù Nù

Mo kọ́ ògiri gíga kan sínú gbọ̀ngàn ní Ìwó, mo sì kan àwọn nǹkan bí òkúta mọ́ ọn, kí àwọn èèyàn lè máa sanwó gùn ún ṣeré. Okùn ló ń jẹ owó mi jù. Bó ti wù kó ṣì máa dán tó, tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, mo gbọ́dọ̀ jù ú nù, nítorí ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èèyàn mẹ́fà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó de okùn mọ́ ẹni àkọ́kọ́ nídìí, gbogbo wọn ti sá jáde. Bàbá ará Kuta kan ló ń gun ọ̀pẹ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn mi láti kọ ẹyìn, àwọn oníbàárà mi sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọn ò pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn mi rí! Mo jowú bàbá náà débi pé itọ́ ẹnu mi korò.

Ìgbà náà ni mo rí i pé okùn búlúù tí mo jù sí ààtàn ni bàbá náà fi ṣe igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ.

Mo pariwo pé, “Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀! Okùn yẹn ti gbó!”

Ìyàwó bàbá náà, tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀, wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ìyá náà ní, “Ìlara ló ń dà ọ́ láàmú.”

Mo lè búra pé okùn náà ti gbó. Pé torí ìyẹn ni mo ṣe pariwo, n ò lè búra.