Bí A Ṣe Ra Kọ́ńbáìnì fún Oko Ẹ̀gbọ́n Mi

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Manchester. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó èrò lọ, tí mò ń kó èrò bọ̀ lójú Stockport Road. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ga ju bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ rí, àfi lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìpínlẹ̀ Ògùn pé kí n bá òun wá kọ́ńbáìnì tòkunbọ̀. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìkórè ni, èyí tó ń ṣẹ́ àgbàdo lóko, tó ń bó o, tó ń yín in, tí yóò sì kó kìkì ọmọ àgbàdo sínú ara rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni mí o."

Ó ní, "Ṣebí mọ́tò náà ni. Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀."

N kò lè kọ̀ fún un, torí mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dún tó ṣáájú. Oko àgbàdo rẹ̀ lọ súà, kò ṣe é fi àdá kórè, ẹ̀rọ àyálò ló sì gbójú lé. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà dé pẹ̀lú ìbínú. Àárín ìsinmi yẹn ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kórè. Lọ́dún náà, ẹlẹ́rọ ní òun ń bọ̀ lọ́la, ó ní òun ń bọ̀ lọ́túnla, òjò ló kọ́kọ́ dé. Àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tó dúró sí, èyí tí kò hù sì bu. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi pé ńṣe ló dúró sáàárín oko nínú òjò yẹn, tí wọ́n pè é títí tí kò wọlé. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, oko náà parí nìyẹn. Ọkùnrin yìí ló di bàbá fún mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí màá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ní òun yóò tẹ̀ lé mi. Ó ní òun mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, torí òun ní mọ́tò kan rí ní Abẹ́òkúta tó máa ń kọṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo wò ó. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, ṣé mọ́tò rẹ̀ á máa kọṣẹ́ lójoojúmọ́ ni? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹnìkejì, a sì jọ lọ.

Ọgbà oníṣòwò kan lẹ́yìn Ashton la kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi hàn wá ga bí ilé, wọ́n sì ti kùn ún lọ́dà tuntun tó ń dán yinrin. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó pariwo, ó ní, "Èyí gan-an! Má wulẹ̀ wo òmíràn mọ́." Mo gun inú rẹ̀ lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ló kún ibẹ̀, bọ́tìnì lọ́tùn-ún, bọ́tìnì lósì. Mo bi ẹni tó ń tà á pé bí kọ̀ǹpútà yìí bá kú lóko tí iná mànàmáná kì í dé lójoojúmọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Ó ní ẹnjiníà àwọn yóò lọ. Mo ní láti ibo? Ó ní láti ibí.

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, inú bí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ tí a máa fi bàálù gbé oníṣègùn rẹ̀ wá, ọba nìyẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́." Ó pa fóònù. Ọjọ́ kejì ló tó dá mi lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ sí oko bàbá òyìnbó kan ní Cheshire. Bàbá náà ti dàgbà, kò sẹ́ni tó fẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ló fi fẹ́ ta kọ́ńbáìnì. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ló ń gbé. Ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kọ́ mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀: mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí bàbá tó tan án. Ó tutù. Ẹni tó bá ti tan ẹ́ńjìnnì gbóná kí oníbàárà tó dé, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Bàbá tan án, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó fi bẹ́líìtì tó ti ń gbó hàn mí. Ó fi ibi tí irin ti ya, tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó pọ̀, hàn mí. Ó wá tọ́ka sí orí ẹ̀rọ náà níwájú, ó ní, "Àlìkámà ni orí yìí ń gé o. Bí ẹ bá gbé e wọ oko àgbàdo, ilẹ̀ ni yóò da ìdajì sí. Ẹ gbọ́dọ̀ wá orí àgbàdo sí i."

Àwọn tó wà lẹ́yìn Ashton kò sọ èyí fún wa rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé àgbàdo la fẹ́ kó. Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti mú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi náà, tó ń wò wá lórí fídíò, ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku iye. Bàbá sọ iye rẹ̀. Ọkọ mi bu ú sí ìdajì. Bàbá ní iye tí òun sọ náà ni. Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣé, sà," ó fà mí lápá, a sì yíjú padà.

Ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, má wẹ̀yìn o. Yóò pè wá."

Ẹ̀gbọ́n mi náà ń fi fóònù sọ láti Ògùn pé, "Ẹ rọra máa rìn, àna mi. Yóò pè yín."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú wa tó ra aṣọ tàbí iṣu rí láìkọ́kọ́ lọ? A rìn bí ìgbín. A dé ìdí mọ́tò, kò sẹ́ni tó pè wá. Ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń yẹ inú rẹ̀ wò bí ẹni tó ní iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá jáde sí wa.

Ọkọ mi ní, "Ó ti ń bọ̀! Kí ni mo sọ?"

Bàbá gbé wáyà lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé bátìrì yín ló kú ni? Ẹ jẹ́ kí n bá yín tan án."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, a wọ mọ́tò, a sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ Àìkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whalley Range, fóònù wà lórí itan mi jálẹ̀ ìwàásù. Kò dún. Ọkọ mi ṣì ń sọ pé kí n ní sùúrù, ọjà kì í bọ́ lọ́wọ́ onísùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì, mo pe bàbá.

Ẹnu yà á. Ó ní, "Mo rò pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́ ni. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́sàn-án yìí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń ná ọjà tó yíjú padà kò tíì lọ. Ó ń retí kí wọ́n pè é ni. Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi dúró ti mọ́tò tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn, sà."

Ó ní ẹni tó ń bọ̀ fẹ́ tú ẹ̀rọ náà tà ní ẹyọ ẹyọ. Òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ó ní bí a bá gba iye tí òun sọ, òun yóò ní kí onítọ̀hún má wá mọ́. Mo gbà kí ó tó pa ẹnu dé. Olúwa nìkan ló mọ bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn lọ́kàn mi.

Kò sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Òun ló bá wa wá orí àgbàdo lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò, ó sì fi odindi ọ̀sán kan fi gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fi gírísì sí hàn án, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn. Wọn kò gbọ́ òyìnbó ara wọn rárá. Èmi ló wà láàárín tí mò ń túmọ̀ òyìnbó sí òyìnbó. Nígbà tí ó parí, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù lọ́hùn-ún. Bàbá bi mí pé ṣé ó ṣubú ni. Mo ní rárá o, ọpẹ́ ló ń dú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi kò pè mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ béèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà ní ìsinmi iṣẹ́ ní Longsight, fóònù dún. Ariwo òjò lórí páànù ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó pọ̀ débi pé n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ti dé?"

Ó ní, "Ó ti dé."

Mo ní, "Àgbàdo ńkọ́?"

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ilé. Èmi náà wà nínú ilé."