Ọ̀kanṣoṣo ní Òkè-Àfà

Bí ẹ bá bi àwọn ará Òkè-Àfà ní ọdún 1961 pé ta ló ń gbin ewé tí kò ṣeé jẹ, ilé Ṣubúọlá ni wọn yóò nawọ́ sí. Alágbàfọ̀ ni, ilé àwọn òyìnbó tó wà nítòsí pápá ọkọ̀ òfúrufú ló ti ń fọṣọ. Nígbà tí ìyá òyìnbó kan ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, ó gbé isu kan tó rí roboto bíi kókò lé e lọ́wọ́. Ó ní inú igbó kìjikìji ló ti wá, àti pé ọdún mẹ́sàn-án lòun fi wá irú rẹ̀ kiri. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ̀ẹ́ kó kú.

"Kò ní kú, Màdáámù," ni Ṣubúọlá wí, bí ẹni pé òun ló dá a.

Kò sì kú. Abẹ́ igi ìṣin ló gbìn ín sí, níbi tí oòrùn kì í ti í mú jù, ó sì kó ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ sí i nídìí. Ewé kan péré ló ń yọ lọ́dún, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́ rẹrẹ bí agboòrùn, igi rẹ̀ sì ṣe adíkálà bí ara erè. Nítorí ewé kan yìí ló ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀kanṣoṣo. Tí ọyẹ́ bá dé, ewé á wó lulẹ̀. Ṣubúọlá kò ní bu omi sí i rárá, ó mọ̀ pé ńṣe ló ń sinmi. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilẹ̀ lásán ló ń ṣọ́.

Ní ọyẹ́ ọdún kẹta ni ìyá ọkọ rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wọn. Oko ni màmá yìí ti lo gbogbo ayé rẹ̀, kò lè jókòó lásán. Lọ́jọ́ kan tí Ṣubúọlá wà níbi iṣẹ́, Bàbá Èjìgbò, ẹ̀gbọ́n màmá náà, wá kí i. Màmá ń wá ohun tí yóò fi ṣe é lálejò, ló bá fi ọkọ́ gbẹ́ abẹ́ igi ìṣin, níbi tó rí i pé ilẹ̀ ti wú. Ó bá isu ńlá pàdé, ó pè é ní kókò, ó bó o, ó sè é.

Nígbà tí Ṣubúọlá fi máa wọlé, ọ̀fun ti ń yún àwọn àgbà méjèèjì, ètè wọn ti wú, wọ́n ń mu epo pupa.

"Irú májèlé wo lo gbìn sílé ọmọ mi?" ni Màmá pariwo. "Èyí tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, jó o!"

Níbo ni Ṣubúọlá ti fẹ́ rí òmíràn? Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó bu omi fún wọn. Lẹ́yìn náà ló yọjú wo inú ìkòkò, kò rí orí isu náà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ kì í se orí kókò. Wọ́n máa ń gé e sọ́tọ̀ láti tún gbìn ni.

"Màmá, ẹ má bínú. Orí ẹ̀ ńkọ́?"

Màmá wo ilẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ tẹ̀. "Mo ti rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n màá hú u dànù lọ́la."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi di ìgbà òjò. Á hù. Tẹ́ ẹ bá rí ewé ẹ̀ tẹ́ ẹ sì ṣì ní kí n jó o, èmi fúnra mi ni màá dáná sí i."

Màmá rojú, ṣùgbọ́n ó gbà. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, kò sí nǹkan kan. Òjò kẹrin rọ̀, ilẹ̀ ò mì. Ṣubúọlá ń lọ wò ó láràárọ̀, ó ń kọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù ti ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ewé náà là. Kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán. Màmá dúró tì í títí. Nígbà tó yá, ó lọ ṣẹ́gi wá, ó sì ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Kò pẹ́ tí Bàbá Èjìgbò tún fi dé. Bó ṣe rí ewé náà, ó fò sẹ́yìn.

"Ta ló tún gbin nǹkan yìí?"

Kí Ṣubúọlá tó lanu, Màmá ti dáhùn.

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ìsọlọ̀."

Inú Ṣubúọlá dùn débi pé omi lé sí i lójú. "Òótọ́ ni, Bàbá," ló wí. "Màmá ló gbìn ín."